Ìbora Alábùlẹ̀ àti Àpótí Ìyá Àgbà

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ lẹ́yìn ìrun àṣùbá nílé wa ní Gàmbàrí, nílùú Ìlọrin, ni máṣíìnì ìránṣọ Màmá. Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa, nítorí ọ̀lẹ ni àkùkọ ilé wa, ìgbà tó bá wù ú ló ń kọ. Máṣíìnì alọ́wọ́ ni, dúdú, ọ̀dà rẹ̀ ti bó níbi tí ọwọ́ ti ń kàn án. Bí Màmá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, àwọn ọmọ kéwú á gbé ohùn sókè lójúde Aáfà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata á dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé, Àǹtí Ràbí á sì máa gbá àgbàlá bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà. Àgbà ti dé sí èmi náà báyìí. Àdúgbò tí mo ń gbé ní Fate dákẹ́, kálukú ló ti géètì rẹ̀ pa, síbẹ̀ ojú mi ṣì máa ń là ní àsìkò yẹn, màá sì tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀ kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí yóò yí máṣíìnì kankan.

Ilé wa kò tóbi, ṣùgbọ́n ó kún. Bàbá ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ọ̀fà Garage, òwúrọ̀ ni wọ́n ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dé pẹ̀lú òórùn ọ́ìlì lára. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Màmá ti ń ránṣọ fún àwọn ará àdúgbò. Àǹtí Ràbí, àbúrò Bàbá, ń gbé lọ́dọ̀ wa nítorí pé òkè Ọya ni ọkọ wọn ti ń ṣòwò, ìgbà ọdún nìkan ni wọ́n ń fojú kàn án. Ẹnu wọn mú, ṣùgbọ́n wọn kì í sá fún iṣẹ́. Sàká ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Màmá ní Ìyá Sàká. Èmi Ràmá ni mo tẹ̀ lé e, àwọn yòókù ṣì kéré, iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa da nǹkan nù lọ. Ẹni tó ni gbogbo wa ni Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá. Wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà, Àlhájà ni àwọn ará ìta ń pè wọ́n, yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga sì ni tiwọn.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni òtútù wọ egungun Ìyá Àgbà. Ọyẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ. Wọ́n wúkọ́ títí ohùn wọn fi lọ, wọ́n á jókòó sínú oòrùn pẹ̀lú súẹ́tà Bàbá lọ́rùn, ìbọ̀sẹ̀ ilé ìwé Sàká lẹ́sẹ̀, eyín wọn á sì máa gbá ara wọn. Bàbá ra bùláńkẹ́ẹ̀tì kan wá, irú èyí tí wọ́n máa ń ya kìnnìún sí, ó nípọn débi pé ọmọdé kò lè dá a gbé. Ìyá Àgbà sùn lábẹ́ rẹ̀ lóru kan péré. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ wọ́n ní, "Ẹ wá gbé ẹranko yín kúrò láyà mi." Wọ́n ní ó wúwo bí ẹni tó jókòó lé àwọn lórí, òórùn rẹ̀ ń fún àwọn láyà, àti pé àwọn kò lè máa sùn lójú kìnnìún. Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí wọ́n sọ fún Màmá lẹ́bàá ààrò pé tí ọyẹ́ mìíràn bá tún bá Ìyá báyìí, àwọn kò mọ̀ bóyá Ìyá á là á já. Ní ọjọ́ kejì wọ́n da àpò ègé aṣọ wọn sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní àwọn á rán ìbora fún Ìyá Àgbà kí ọyẹ́ tó dé.

Ọ̀dọ̀ tíṣà kan tó kọ́ wọn ní ìránṣọ nílé ìwé ni Màmá ti rí i: a ó gé ègé aṣọ ní ìwọ̀n kan náà, a ó rán wọn mọ́ra títí wọn yóò fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì, a ó tẹ́ ògbólógbòó ìró tó ti rọ̀ sí àárín, a ó fi aṣọ kan bo ẹ̀yìn, a ó wá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ jálẹ̀jálẹ̀. Ó máa ń móoru, kì í wúwo. Àwa kò rí irú rẹ̀ rí. Lójú wa, ẹni tó bá lẹ aṣọ, tálákà ni. Àǹtí Ràbí dúró lé Màmá lórí, wọ́n fọwọ́ sí ìbàdí.

"Ìyàwó wa, ṣé eégún lo fẹ́ dá nínú ilé mùsùlùmí ni? Àbí àkísà lo fẹ́ fi bo ìyá mi?"

Màmá kò gbójú sókè. "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kó parí ná. Tí kò bá dáa, ẹ fi nulẹ̀."

Ọkọ mi ni Màmá ń pe Àǹtí Ràbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màmá ló dàgbà jù wọ́n lọ, nítorí pé inú ilé ni Màmá ti bá wọn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà. Ìgbà tí èmi náà wọ ilé ọkọ ni mo tó mọ̀ pé kò pa Màmá lẹ́rìn-ín.

Ìbora náà kì í ṣe iṣẹ́ tí Màmá ráyè jókòó tì. Aṣọ oníbàárà ló ń jẹ́ iṣẹ́, ìbora jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi àyè tó bá ṣẹ́ kù ṣe, àyè kì í sì í ṣẹ́ kù nílé wa. Wọ́n á gbé ẹ̀wà kaná, wọ́n á rán ègé méjì mọ́ra kó tó hó. Wọ́n á dúró de ọmọ kó parí ìgbẹ́, wọ́n á ti máa gé tòmíràn. Tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹjọ́ èmi àti Sàká lórí ẹni tó jẹ wàrà tó ṣẹ́ kù, abẹ́rẹ́ kò ní dúró lọ́wọ́ wọn, ìgbà mìíràn a kì í mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ àwíjàre wa rárá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Màá fi itọ́ rẹ òwú, màá di ojú kan, òwú á wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Ìyá Àgbà á sì ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àbẹ̀kẹ́ mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú rẹ dalẹ́." Mo gbà gbọ́ pé èmi ni mò ń rán ìbora náà, Màmá kàn ń ràn mí lọ́wọ́ ni.

Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ríran. Lẹ́yìn ìrun àsárì wọ́n á fa apá tí Màmá ti rán tán sórí ẹsẹ̀, wọ́n á máa fi ìka wá a kiri. "Ta ló ni èyí?" Màmá á ní aṣọ ìkómọ Sàká ni. "Èyí tó le yìí ńkọ́?" Gínì tí Bàbá wọ lọ́jọ́ ìyìgì wọn ni, etí rẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ oníbàárà, Màmá á ti kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀, nítorí gbogbo ayé ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa télọ̀ àti àjẹkù aṣọ. Ìyá Àgbà kò gbà kí a fi léèsì sí i, wọ́n ní ihò lè jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Nígbà tí ó di pé wọ́n ti mọ ègé kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ ilé, mo rí i pé Àǹtí Ràbí náà ń yọjú. Lọ́jọ́ kan wọ́n ju àjákù àdìrẹ kan sínú àpò Màmá láìsọ̀rọ̀. Ara ìró tí wọ́n ró wọ ilé ọkọ ni.

Síbẹ̀, bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀síwájú náà ni nǹkan ń dá a padà. Ààwẹ̀ dé, Màmá ní láti jí ṣe sààrì fún gbogbo ilé, kí wọ́n sì tún parí aṣọ ọdún àwọn ènìyàn. Ìbora wọ òkè kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ọdún kọjá, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀, àbúrò mi tọ̀ sí i. Ó gbẹ tán, ó wá kan wòlímọ̀ Sàká, nítorí pé ó ti parí Kùránì. Àlejò kún ilé, a sè, a dín màsà títí epo fi tán. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò fa ìbora náà yọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó kírun lórí rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá pé ẹní ìkírun wọn rọ̀. Nígbà tí ilé tún dákẹ́, tí Màmá ń wo ibi tí iṣẹ́ kù sí, Àǹtí Ràbí ní kí wọ́n má fòyà, díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìyá Àgbà pariwo láti inú yàrá. "Ràbí! Má mú ẹlẹ́dẹ̀ wọlé mi. Díẹ̀ díẹ̀ leku ń jawọ. Èyí náà tó."

Òjò ti ń dá nígbà tí iwájú ìbora parí. Ó ku aṣọ ẹ̀yìn, Màmá kò sì ní aṣọ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà rántí aṣọ funfun kan tí Bàbá rà fún wọn nígbà Ìléyá, tí wọn kò fọwọ́ kàn rí. Wọ́n ní ó wà nínú àpótí onígi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí Màmá lọ mú un. Nílé wa, ìyàwó kì í ṣí àpótí ìyá ọkọ, ìbáà jẹ́ ìyá ọkọ ló rán an. Màmá bẹ Àǹtí Ràbí. Èmi náà wà níbẹ̀. Àǹtí Ràbí fa àpótí jáde, wọ́n yọ aṣọ funfun tí wọ́n fi ọ̀rá wé, wọ́n gbé e lé Màmá lọ́wọ́. Ó ń ta sánsán tùràrí, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá ti yàrá Ìyá Àgbà jáde ló ń rùn bẹ́ẹ̀, títí kan bisikíìtì. Màmá gé e, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n rán an.

Ọyẹ́ sì dé. Òwúrọ̀ kan ni a jí tí ètè wa ti bó, eruku ti bo ewé ìbẹ́pẹ, Ìyá Àgbà sì ti bẹ̀rẹ̀ ikọ́. Lẹ́yìn ìrun àìlà lọ́jọ́ náà ni Màmá já òwú tó kẹ́yìn, wọ́n sì gbé ìbora náà lọ bá wọn nínú oòrùn lágbàálá. Inú Ìyá Àgbà dùn débi pé wọ́n ki Màmá, ohun tí n kò gbọ́ rí. Wọ́n ní Ọlọ́run á bò ó láṣìírí bó ṣe bo àwọn. Wọ́n fa ìbora náà dé àgbọ̀n. Ọwọ́ wọn bá dúró. Wọ́n yí i, wọ́n gbé ẹ̀yìn rẹ̀ símú.

"Ràmá, wo etí aṣọ funfun yìí fún mi. Ṣé òwú tútù wà níbẹ̀, bí àwọ̀ ewé?"

Mo wò ó. Fọ́nrán kan wà létí lóòótọ́, tínrín. "Ó wà níbẹ̀, Ìyá."

"Lá ìláhà ìlá Lọ́ọ̀. Líkáfánì mi nìyí."

Gbogbo ilé ló mọ̀ nípa líkáfánì yẹn. Ọ̀pọ̀ àgbà Ìlọrin tó lọ sí Mẹ́kà ló máa ń gbé tiwọn bọ̀: aṣọ funfun tí a ó fi sin wọ́n, tí wọ́n ti rì bọ omi Sàmúsàmù, tí wọ́n sá, tí wọ́n sì ká pamọ́ pẹ̀lú tùràrí. Inú àpótí onírin ni ti Ìyá Àgbà ń gbé, gbogbo wa mọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sún mọ́ ọn. Ohun tí a kò mọ̀, tí Ìyá Àgbà alára ti gbàgbé, ni pé nígbà tí òrùlé jò sórí àpótí onírin nínú òjò ọdún náà, wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn gbé líkáfánì sínú àpótí onígi kó má bàa tutù. Nígbà tí wọ́n sì tún òrùlé ṣe, aṣọ Ìléyá ni Ìyá Àgbà ṣì mú padà sínú onírin.

Àǹtí Ràbí sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá Sàká! Aṣọ òkú lo rán fún ìyá mi láàyè? Kí lo ń wá? Kí ni ìyá mi fi ṣe ọ́?" Obìnrin kan tó wá lọ ata ká ọwọ́ lérí. Ẹnu ọ̀nà kún.

"Ta ló mú un jáde?" Ìyá Àgbà ló béèrè, ohùn wọn kò ròkè.

Àǹtí Ràbí la ẹnu láti dáhùn. Mo rí i tí ó yé wọn, ojú wọn lọ sílẹ̀. Mo ti la ẹnu tèmi láti sọ ọ́, Màmá wò mí, mo pa á dé. Màmá kúnlẹ̀ sínú eruku. "Èmi ni mo gé e, Ìyá. Ẹ forí jì mí."

Inú bí mi sí Màmá lọ́jọ́ náà ju bó ṣe bí mi sí Àǹtí Ràbí lọ. N kò mọ ìdí tí ènìyàn fi máa ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Bàbá dé, wọ́n gbọ́, wọ́n jókòó, wọ́n bọ́ fìlà. Wọ́n ní kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, kí Màmá tú u, kí wọ́n fọ líkáfánì, kí wọ́n ká a padà. Màmá mú bíléèdì wá. Wọ́n jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ìbora lẹ́sẹ̀, iṣẹ́ ọdún kan gbáko, aṣọ ìkómọ, gínì ìyìgì, àdìrẹ Àǹtí Ràbí. Omijé ń bọ́ sórí rẹ̀, Màmá kò nù ún. Atẹ́gùn ọyẹ́ kan fẹ́ wọ àgbàlá, ikọ́ mú Ìyá Àgbà, ó mú wọn títí wọ́n fi di ògiri mú.

"Dúró," ni wọ́n wí nígbà tí ó dá. "Ìyá Sàká, dúró. Ta ni òtútù ń mú nínú ilé yìí, èmi ni àbí òkú mi?"

Màmá sọ bíléèdì sílẹ̀.

"Òkú kì í gbọ̀n. Èmi ni mò ń gbọ̀n. Gbé e wá. Ẹni tó bá tú u, ara mi ló tú yẹn." Wọ́n na ọwọ́ wá Màmá títí wọ́n fi kan orí rẹ̀. "O rò pé mi ò mọ̀? Látọjọ́ tí o ti wọ ilé yìí, ọwọ́ rẹ ò dé àpótí mi rí. Èmi ni mo ṣí i nípò, mo gbàgbé."

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Ràbí bú sẹ́kún. "Èmi ni mo mú un jáde, Ìyá. Èmi ni."

"Mo mọ̀, Ràbí. Jẹ́ kí n sùn."

Aáfà wá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní aṣọ tó bá ti mọ́, tó bo ara, ó tó fún òkú mùmíní, ti ọjà náà ń jẹ́ aṣọ. Wọ́n ṣe àdúà lọ. Ikọ́ Ìyá Àgbà rọlẹ̀ kí ọyẹ́ náà tó parí. Wọ́n fi ìbora náà la ọyẹ́ mìíràn já, àti òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́ lẹ́yìn Màmá. Látìgbà náà, Àǹtí Ràbí ló ń gbé ẹ̀wà Màmá kaná tí ọwọ́ Màmá bá dí. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n.

Ìgbà ooru ni Ìyá Àgbà kú, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ní ìrọ̀rùn. Àwọn tó máa wẹ̀ wọ́n ti ń pọnmi nígbà tí Àǹtí Ràbí wọ yàrá Màmá pẹ̀lú bíléèdì lọ́wọ́. Wọ́n ní ó wu àwọn kí Ìyá lọ pẹ̀lú aṣọ Mẹ́kà wọn, kí Màmá jọ̀ọ́ jẹ́ kí àwọn tú ẹ̀yìn ìbora. Màmá gba bíléèdì lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Ọkọ mi, Ìyá ní ká má tú u." Bàbá ti fẹ́ rán ènìyàn lọ ra líkáfánì lọ́jà nígbà tí Àǹtí Ràbí ní kí àwọn kọ́kọ́ wo àpótí onírin. Aṣọ Ìléyá ló wà níbẹ̀, èyí tí à bá fi ṣe ẹ̀yìn ìbora. Ó le díẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n rì bọ omi tí wọ́n sá láìlọ̀, tùràrí rẹ̀ ṣì tuntun, òfìfo kẹ́ẹ̀gì Sàmúsàmù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wá rántí ọ̀sán kan tí Ìyá Àgbà ní kí n da omi inú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan sínú abọ́ fún àwọn, kí n sì máa bá eré mi lọ. Aṣọ yẹn ni a fi sin wọ́n.

Màmá náà ti lọ báyìí. Ọ̀dọ̀ mi ní Fate ni ìbora wà, funfun ẹ̀yìn rẹ̀ ti di àwọ̀ wàrà, mo sì ti tún ibi púpọ̀ lẹ̀ lára rẹ̀, ọmọ mi ló ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ fún mi. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Àǹtí Ràbí wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti darúgbó, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ìbọ̀sẹ̀ kì í kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Mo gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì tuntun kan fún wọn, wọ́n fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ràmá," wọ́n ní, "èyí tí mo mú jáde nínú àpótí dà?"

Mo lọ gbé e wá. Wọ́n fi ọwọ́ wá etí rẹ̀ kiri títí wọ́n fi rí òwú tútù náà, wọ́n yí funfun sí ara, wọ́n sì fà á dé ọrùn.